Ibo Lẹ Fẹ́ Kí Wọ́n Ti Mọ̀ Yín? Ìfiwéra WhatsApp, LinkedIn, Facebook àti Àwọn Yòókù fún Ẹni Tó Ń Ṣiṣẹ́ ní Èkìtì

Èèyàn méjì wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sẹ̀ kan náà, ẹ̀bẹ̀ kan náà ni wọ́n sì bá wá. Ojú ọ̀nà Ìwọ́rọ́kò ní Adó ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, ìwé la ń tẹ̀ níbẹ̀: CV, lẹ́tà ìwáṣẹ́, iṣẹ́ àṣekágbá àwọn ọmọ yunifásítì. Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ bíríkìlà láti Ìkéré, ó ti lé lógójì ọdún, sìmẹ́ǹtì ṣì wà létí bàtà rẹ̀. Ẹnì kejì jẹ́ ọmọbìnrin tó kàwé ìṣirò owó jáde, tó ti sìnrú ìlú tán, tó ń bá oko adìyẹ kan kọ ìwé owó. Àwọn méjèèjì ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí LinkedIn. Wọ́n ní ibẹ̀ niṣẹ́ wà báyìí.”

Mo ṣí i fún ọmọbìnrin náà. Mo ní kí bíríkìlà dá owó rẹ̀ padà sápò.

Kì í ṣe pé mo fojú kéré rẹ̀ o. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi àwọn méjèèjì: ẹni tó máa sanwó fún yín, ibo ló ń wò nígbà tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ mọṣẹ́? Ìdáhùn wọn ò jọra rárá. Ìbéèrè yẹn náà ni mo fi ń bá gbogbo èèyàn yan ibi tí wọ́n máa gbé orúkọ wọn kà. Iye àwọn tó máa tẹ láìkì ò sí nínú ìṣirò mi.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn:

| Ibi | Ta ló ń wò ó | Báwo ló ṣe ń pẹ́ tó | Ohun tó lè já yín kulẹ̀ |
|---|---|---|---|
| WhatsApp | ẹni tó ní nọ́ńbà yín, àti ará ìlú inú gúrúùpù | Status: wákàtí 24 | àjèjì ò lè fi Google rí yín níbẹ̀ |
| LinkedIn | ilé iṣẹ́ àti àwọn tó ń bá wọn ṣa òṣìṣẹ́ | ọdún púpọ̀, bí ẹ bá ń tún un ṣe | oníbàárà ìlú kékeré kì í débẹ̀ |
| Facebook | ẹbí, ẹlẹgbẹ́ ilé ìwé, ọmọ ìlú tó wà lókè òkun | ó ń pẹ́, bó tilẹ̀ ń rì sísàlẹ̀ | ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn |
| X (Twitter tẹ́lẹ̀) | oníròyìn, àwọn oní-kọ̀ǹpútà, olóṣèlú | ọjọ́ kan, bóyá méjì | ìjà |
| YouTube | ẹni tó ń wá bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan | ọdún mélòó kan | iná, dátà, àkókò |
| Ìkànnì tara ẹni | ẹni tí ẹ bá fi lìǹkì ránṣẹ́ sí | títí ẹ ó fi ṣíwọ́ sísanwó | kò sẹ́ni tó máa ṣèèṣì yà síbẹ̀ |

WhatsApp tàbí LinkedIn?

Àwọn tó ń gbéṣẹ́ fún bíríkìlà yìí, ọmọ Ìkéré àti Ìsẹ̀ ni wọ́n, àmọ́ Lọ́ńdọ̀nù, Kánádà àti Èkó ni wọ́n ń gbé. Ilé ni wọ́n ń kọ́ sílé. Ẹni tó bá ń kọ́lé láti òkèèrè, ẹ̀rù ohun méjì ló ń bà á: kí wọ́n má fi owó sìmẹ́ǹtì ṣe ìnáwó òkú, kí ògiri má sì sán lẹ́yìn òjò méjì. Àbúrò ti jẹ ẹ́ lówó rí, àna náà ti jẹ ẹ́ lówó rí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í lọ sórí LinkedIn wá bíríkìlà. Inú gúrúùpù ọmọ ìlú lórí WhatsApp ló ti ń béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ mọ̀ tó lè kọ́lé láìpurọ́?” Ẹni tí èèyàn mẹ́ta bá dárúkọ lábẹ́ ìbéèrè yẹn ti gbaṣẹ́ tán.

Nítorí náà, WhatsApp Business ni mo ṣí fún un. Láti 2018 ló ti wà, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tó fi yàtọ̀ sí WhatsApp lásán ni pé ó ní àyè fún àdírẹ́sì, wákàtí iṣẹ́, àti kátálọ́ọ̀gì tí èèyàn lè to àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ sí. Kátálọ́ọ̀gì yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Status ni gbogbo èèyàn ń lò, àmọ́ ohun tí ẹ bá fi síbẹ̀ láàárọ̀ yìí, kò ní sí níbẹ̀ lọ́la nígbà tí ẹni tó ń wá bíríkìlà bá yọjú.

Àwòrán tó kó wá ni kò dáa. Ó wọ agbádá, ó dúró síwájú ilé tí wọ́n ti kùn, ó rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ta ni àwòrán yìí ń polówó, ẹ̀yin àbí akunlé?” Ohun tó ń ba oníbàárà lẹ́rù ti wọ abẹ́ ilẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kùnlé. Ìgbà tí irin bá ti wà nílẹ̀, tí wọn ò tíì da kọnkéré lé e, ni kí ẹ yà á. Ẹ na téèpù láti irin kan dé èkejì, kí nọ́ńbà orí téèpù hàn ketekete. Ẹ to àpò sìmẹ́ǹtì tó wọlé lọ́sẹ̀ yẹn, kí ẹ fi risíìtì sórí wọn, kí ẹ yà á. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé kó tó béèrè. Onílé fúnra rẹ̀ ló máa gbé àwòrán yẹn lọ sínú gúrúùpù láti fi yangàn, ìpolówó tí owó ò lè rà nìyẹn.

WhatsApp ní ààlà tirẹ̀ o. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà kì í ju èèyàn 256 lọ lórí àkójọ kan, ẹni tó bá sì ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ nìkan ló máa rí i gbà. Ìdí nìyí tí àwọn èèyàn fi ń ráhùn pé àwọn fi ránṣẹ́ sí igba èèyàn, mẹ́wàá ló dáhùn. Kí oníbàárà tó kúrò níwájú yín, ẹ ní kó fi nọ́ńbà yín pamọ́ lójú ẹsẹ̀. Gúrúùpù lè gba tó 1,024 èèyàn. Látọdún 2023 ni Channel náà ti wà, àjèjì lè máa tẹ̀ lé yín níbẹ̀ láìrí nọ́ńbà yín, ó dáa fún olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ fún JAMB, kò wúlò tó bẹ́ẹ̀ fún bíríkìlà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìpolówó sábẹ́ ìkéde òkú bàbá ẹnì kan. Mo ti rí i, mi ò sì gbàgbé orúkọ ẹni tó ṣe é.

Ti ọmọbìnrin yẹn yàtọ̀. Kò fẹ́ kú sóko adìyẹ. Ilé iṣẹ́ àwọn ayẹ̀wéowówò ní Èkó tàbí Àbújá ló ń wá, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń sanwó kí wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ ṣàwárí èèyàn lórí LinkedIn: orúkọ iṣẹ́, ìlú, ohun tí èèyàn mọ̀ ọ́n ṣe. Àtẹ ni ibẹ̀. Kì í ṣe lásán ni Microsoft fi san bílíọ̀nù 26.2 dọ́là láti rà á ní 2016. Ẹ̀yin sì lẹ wà lórí àtẹ yẹn, nítorí náà, ẹ to ara yín dáadáa.

Abẹ́ orúkọ yín ni ìlà kan wà tó gba lẹ́tà 220. Ohun tí ọmọbìnrin yìí kọ síbẹ̀ ni pé òun jáde yunifásítì, òun ń wáṣẹ́. Ẹni tó ń wá akọ̀wéowó kì í tẹ “ẹni tó ń wáṣẹ́” sínú àpótí ìwádìí. Mo bi í pé, “Kí lo ń ṣe lóko yẹn gan-an?”

“Bọ̀ọ̀dá, ìwé lásán ni mò ń kọ.”

Mo ní kó mú ìwé náà wá. Nígbà tó kọ́kọ́ dé oko náà, owó ẹyin kì í bá iye kíréètì tó jáde mu, gbogbo ìgbà ni wọ́n sì ń fẹ̀sùn kan ọmọ tó ń ta á. Òun ló fa ìlà kan sí i nínú ìwé fún ẹyin tó fọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n rí i pé ẹyin ń fọ́ lójú ọ̀nà nínú ọkọ̀ ni, kò sí olè. Wọ́n pààrọ̀ bí wọ́n ṣe ń to kíréètì. Ohun tí ó pè ní ìwé lásán nìyẹn! A gbé e sínú àlàyé nípa ara rẹ̀, níbi tí LinkedIn ti gba lẹ́tà 2,600. Ìlà méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń hàn kí èèyàn tó tẹ̀ ẹ́ láti ka ìyókù, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹyin ló ṣíwájú, yunifásítì tẹ̀ lé e.

Ohun tí LinkedIn fi ju WhatsApp lọ fún un ni ìwé ẹ̀rí tí ẹlòmíì ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sójú ìwé èèyàn. Olóko náà, àgbàlagbà ni, ọmọ rẹ̀ ló bá a ṣí àkáǹtì. Ó kọ ọ́ pé: ọmọ dáadáa ni, ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ó ń kíni. Ó dáa, àdúrà ni, àmọ́ kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó fẹ́ gba akọ̀wéowó. A padà lọ bẹ bàbá pé kí wọ́n jọ̀ọ́ kọ nípa ẹyin. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ṣé ìyẹn lẹ fẹ́? Èmi rò pé ìwà lẹ ń bi mí.” Èyí tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀kejì kò ju ìlà mẹ́rin lọ, òun sì lẹni àkọ́kọ́ tó pè é láti Èkó bi í léèrè.

Ẹni tó bá pè yín látorí LinkedIn, tó ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí iṣẹ́ tó bọ́ sí yín lọ́wọ́, gbájúẹ̀ ni. Ẹ má dáhùn.

Facebook àti X

Mi ò ní pẹ́ níbí. Facebook ló dáa jù fún ẹni tó bá fẹ́ kí ará ilé, ẹlẹgbẹ́ ilé ìwé àtijọ́ àti ọmọ ìlú tó wà níta mọ iṣẹ́ òun: aránṣọ, alásè, ayàwòrán, ẹni tó ń ta ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ tí àkáǹtì ara ẹni lè ní kò ju 5,000 lọ, nítorí náà ẹni tó ń tajà gidi á ṣí ojú ìwé iṣẹ́ lọ́tọ̀. X wúlò fún ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, oníròyìn, àti ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ ọ̀rọ̀ ní ṣókí, torí lẹ́tà 280 ni ti ọ̀fẹ́. Fún nọ́ọ̀sì ní Ìdó tàbí olùkọ́ ní Ọmùò, mi ò rí ohun tó fẹ́ fi X ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nípa àwọn méjèèjì ni pé wọn kì í gbàgbé. Nígbà ìdìbò gómìnà oṣù Kẹfà 2022, mo kọ èébú sábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan lórí Facebook. Mo rò pé mo pani lẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo lọ bá ẹni tó ni ilé ìwé aládàáni kan pé kí wọ́n gbà mí kí n máa kọ́ àwọn ọmọ wọn ní kọ̀ǹpútà. A sọ̀rọ̀ dáadáa, a ti ń dúnàádúrà owó. Ni ó bá yọ fóònù, ó tẹ orúkọ mi, ó kà á sí mi létí, gbogbo rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ kíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, “Ṣé ẹ̀yin náà nìyí?” Mi ò rí iṣẹ́ yẹn gbà, mi ò sì dá a lẹ́bi. Nínú ètò Facebook, ibì kan wà tí ẹ ti lè sọ gbogbo ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó wà ní gbangba di ti ọ̀rẹ́ nìkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dáa, àmọ́ pípa èyí tó burú rẹ́ ló dáa jù.

Kíkọ tàbí fídíò, Gẹ̀ẹ́sì tàbí Yorùbá

Kíkọ rọrùn nígbà tí iná ò bá sí. Fídíò ń fi ọwọ́ yín hàn. Mẹ́káníìkì, onírun, olùkọ́ ìṣirò, fídíò ni kí wọ́n lò, kí wọ́n sì gbé e sórí YouTube ju TikTok lọ, torí ẹni tó ń wá bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ amúnáwá ṣe lọ́dún méjì sí i ṣì máa rí i lórí YouTube. Ti TikTok ń tètè ràn, ó sì ń tètè kú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi owó YouTube tàn yín jẹ. Kí wọ́n tó pín owó ìpolówó fún yín, ẹ gbọ́dọ̀ ní alábàápín 1,000 àti wákàtí wíwò 4,000 láàárín oṣù 12, tàbí kí wọ́n wo fídíò kékeré yín nígbà mílíọ̀nù 10 láàárín ọjọ́ 90. Ẹni tó ń wá ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ kò nílò ìyẹn. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́fà kan tó yanjú ìbéèrè kan dáadáa ti tó láti fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé ìwé.

Ní ti èdè, àwọn èèyàn rò pé Yorùbá máa ń mú orúkọ èèyàn kéré. Ẹ wo Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ èdè tó dá YorubaName.com sílẹ̀, ibi tí wọ́n ń kó orúkọ Yorùbá jọ pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn. Iṣẹ́ lórí èdè abínibí ló jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀bùn Ostana dá a lọ́lá ní Ítálì ní 2016, ó sì ti bá Google ṣiṣẹ́ lórí èdè. Ìlànà tèmi kò le: LinkedIn, Gẹ̀ẹ́sì, torí èdè tí àwọn tó ń gbani síṣẹ́ fi ń ṣàwárí nìyẹn. WhatsApp àti fídíò, èdè tí oníbàárà fi ń dúnàádúrà. Àti ohùn Èkìtì yín, ẹ má fi pamọ́. Ọmọ Adó tó wà ní Kánádà, tó gbọ́ ohùn ilé nínú fídíò, ti gbà yín gbọ́ ní ìdajì.

Orúkọ wo lẹ máa lò?

Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gba òun síṣẹ́, orúkọ ara rẹ̀ ni kó lò. Ẹni tó ń dá iṣẹ́ tó lè tà tàbí tó lè fà lé ọmọ lọ́wọ́ sílẹ̀ ni kó lo orúkọ iṣẹ́. Èyí rọrùn. Ibi tó ti ń dojú rú fún àwa Yorùbá ni bí a ṣe ń kọ orúkọ náà. Oníbàárà mi kan jẹ́ Sola lórí ìwé WAEC, ó jẹ́ Shola lórí Facebook, ó jẹ́ Oluwasola lórí LinkedIn, Sholly Baby sì ni íméèlì rẹ̀. Èèyàn mẹ́rin nìyẹn lójú ẹni tó ń wá a. Èyí tó wà lórí ìwé ẹ̀rí yín ni kí ẹ mú, kí ẹ lò ó níbi gbogbo. Bí orúkọ yín bá wọ́pọ̀, bíi Ajàyí tàbí Ọ̀jọ́, ẹ fi orúkọ kẹta kún un. Orúkọ àkáǹtì lórí X kò gbà ju lẹ́tà 15 lọ, kò sì gba ṣ tàbí ọ̀, nítorí náà ẹ kọ ọ́ láìlámì níbẹ̀, àmọ́ ẹ fi àmì sí orúkọ tó hàn lókè. Orúkọ tí bàbá yín sọ yín kò yẹ kó di nǹkan mìíràn lẹ́nu àjèjì.

Ilé àyágbé tàbí ilé tara ẹni

Gbogbo ibi tí mo ti ń dárúkọ láti òkè wá, ilé àyágbé ni. Ní 5 oṣù Kẹfà 2021, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà, ó di 13 oṣù Kìíní 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Ẹni tó ti kó gbogbo oníbàárà rẹ̀ síbẹ̀ rí àbùkù fún oṣù méje ó lé. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn oní-kọ̀ǹpútà, oníṣẹ́ ọnà, àwọn tó ń kọ̀wé àti ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga pé kí wọ́n ní ìkànnì tara wọn, kó tilẹ̀ jẹ́ ojú ìwé kan. GitHub Pages, ibi tí èèyàn ti lè gbé ojú ìwé rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, jẹ́ ọ̀fẹ́, àdírẹ́sì rẹ̀ á kan parí sí github.io. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó parí sí .ng tàbí .com.ng á máa sanwó lọ́dọọdún, ọjọ́ tó bá sì gbàgbé, ẹlòmíì lè rà á.

Bíríkìlà wa kò nílò rẹ̀. Ọmọbìnrin oníwèé owó náà kò tíì nílò rẹ̀. Mi ò fi agídí tà á fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀ka iṣẹ́ mélòó kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ò dọ́gba fún. Òfin iṣẹ́ àwọn agbẹjọ́rò àti dókítà de ìpolówó ara ẹni, kí wọ́n kà á kí wọ́n tó kọ ohunkóhun síta. Nọ́ọ̀sì kò gbọ́dọ̀ ya àwòrán aláìsàn, bó ti wù kí inú aláìsàn náà dùn tó. Òṣìṣẹ́ ìjọba sì pọ̀ nínú wa ní Èkìtì: bí ẹ bá fẹ́ kọ nípa iṣẹ́ ìjọba tí ẹ ń ṣe, ẹ gbàṣẹ. Nípa ẹ̀kọ́ tí ẹ mọ̀, bí ìṣirò tàbí ọ̀gbìn, àyè púpọ̀ wà.

Bíríkìlà náà yà lọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò wá tẹ nǹkan kan. Ó ní oníbàárà kan ní Kánádà fẹ́ kí déètì máa hàn lára àwòrán, ṣé mo lè bá òun ṣe é lórí fóònù. Mo gbà á, mo ṣí i. Àwòrán ọjọ́ Jímọ̀ mẹ́tàlélógún ló wà níbẹ̀, téèpù wà nínú gbogbo wọn.